Ìtàn Ìmọ̀ Oúnjẹ àti Ìsanra

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò ka ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe wádìí ohun tí ń mú ara sanra, àti bí wọ́n ṣe wá ọ̀nà láti dín ìsanra kù. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà. Lónìí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá sanra ni a ń pè ní ẹni tó rí jẹ. Bí ènìyàn bá rù, àwọn ará ilé a máa bi í pé, "Ṣé kò sí o? Ṣé ara rẹ yá?" Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ní ọjà Àjàṣẹ́, ní Kútọnu, títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, a ń rí àwọn tí ń ta ewé tíì, àgúnmu àti oògùn oníhóró. Wọ́n ní yóò fa ikùn wọlé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹnìkan á sọ pé, "Ẹ má jẹ iyán mọ́." Ẹlòmíràn á ní, "Epo ni kí ẹ sá fún." Ẹnìkẹta á ní kí a má jẹun alẹ́ rárá. Owó ń jáde lápò, àwọn kan sì ń fi ara wọn wéwu. Ta ni kí á gbà gbọ́? Bí a bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá, yóò rọrùn fún wa láti mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ àti èyí tó jẹ́ ọjà títà.

1. Irú oúnjẹ mẹ́ta

Kí á tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ jẹ́ kí á mọ irú oúnjẹ mẹ́ta tí a óò máa dárúkọ.

Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ afúnnilókun. Àwọn ni iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ṣúgà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní iyọ̀ òyìnbó. Bí a bá jẹ wọ́n, ara wa a sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri inú ara, tí a fi ń rí okun rìn, tí a fi ń ro oko.

Èkejì ni oúnjẹ amáradàgbà. Àwọn ni ẹ̀wà, ẹja, ẹran, ẹyin àti wàrà. Wọ́n ń mọ ara ọmọdé, wọ́n sì ń tún ara àgbà ṣe.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rá. Àwọn ni epo pupa, òróró ẹ̀pà, òrí àti ọ̀rá ẹran.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ májèlé. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí èyí tó ń mú ara sanra jù nínú wọn.

2. Adájọ́ tó fẹ́ràn oúnjẹ

Ní ọdún 1825, ìwé kan jáde ní Pàríìsì, olú-ìlú Faransé. Ẹni tó kọ ọ́ ni Brillat-Savarin. Kì í ṣe dókítà. Adájọ́ ni, ó sì fẹ́ràn kí á jẹ oúnjẹ dídùn. Ó ti jókòó jẹun pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sanra. Ó kíyè sí i pé ohun tí wọ́n ń yìn jù ni búrẹ́dì, ìrẹsì àti ọ̀dùnkún òyìnbó. Ó tún wo àwọn ẹranko. Ó rí i pé àwọn tí ń jẹ ẹran nìkan kì í sanra, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọkà àti ọ̀dùnkún bọ́ ẹran ọ̀sìn, a sanra kíákíá. Nítorí náà ó kọ ọ́ pé ìyẹ̀fun ni olórí ohun tí ń mú ènìyàn sanra.

Ọ̀rọ̀ adájọ́ yìí jọ ohun tí àwa náà mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ sanra, kì í fún un ní koríko nìkan. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ àti èérí àgbàdo ni ó máa ń dà sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni adájọ́ náà fi wò ó. Kò wọn nǹkan kan. Ó ku kí ẹnìkan dán an wò.

3. Ọkùnrin tí kò lè so okùn bàtà rẹ̀

Ẹni tó dán an wò tí òkìkí rẹ̀ sì kàn ni William Banting, ará Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni pípèsè pósí àti ètò ìsìnkú. Àwọn ni wọ́n ń ṣètò ìsìnkú àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lówó, ó sì níyì.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ di ẹrù fún un. Ní ọdún 1862, ó ti lé ní ẹni ọdún 65. Kò ga púpọ̀: bíi mítà kan àti sẹ̀ńtímítà 65 ni. Síbẹ̀, ó wọn tó kílò 92. Kò lè tẹ̀ ba láti so okùn bàtà rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ni ó máa ń fi sọ̀ kalẹ̀, kí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ má baà dùn ún. Àwọn ènìyàn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ìgboro, ó sì ń yẹra fún àwùjọ.

Kì í ṣe pé ó káwọ́ gbera. Ó ti lọ bá ọ̀pọ̀ dókítà. Wọ́n ní kí ó máa ṣe eré ìdárayá. Ó ń jí ní òwúrọ̀, ó ń fi wákàtí méjì tu ọkọ̀ lójú omi. Apá rẹ̀ le sí i, ṣùgbọ́n ebi ń pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń jẹun sí i. Ó rìn, ó gun ẹṣin, ó wẹ̀ nínú òkun, ó wọ ilé ìwẹ̀ olóoru, ó mu oògùn. Ìsanra kò lọ.

Nígbà tó yá, etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà etí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Harvey. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rò pé ìsanra ló ń yọ etí náà lẹ́nu. Kò fún un ní oògùn etí. Ó ní kí ó jáwọ́ nínú nǹkan mẹ́fà: búrẹ́dì, bọ́tà, wàrà, ṣúgà, ọtí bíà àti ọ̀dùnkún òyìnbó.

Ó ya Banting lẹ́nu, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni ó ń jẹ lójoojúmọ́. Ó gbà. Láti ìgbà náà, ẹran tàbí ẹja ni ó ń jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso díẹ̀. Ó ń mu tíì láìsí ṣúgà. Búrẹ́dì tó kù fún un kò ju ègé kékeré kan tí a yan gbẹ. Ó tún ń mu ife wáìnì mélòó kan lójúmọ́. Èyí kì í ṣe ohun tí àwọn dókítà òde òní yóò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe.

Nígbà tí ọdún kan yí po, ó ti fi bíi kílò 21 sílẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ fi bíi sẹ̀ńtímítà 31 dín kù. Ó ń fi iwájú sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Etí rẹ̀ pàápàá sàn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jìn sí kòtò ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1863, Banting fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan láti sọ ìrírí rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀fẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń pín in. Ìwé náà tàn káàkiri dé ilẹ̀ mìíràn. Títí di òní, ní èdè ilẹ̀ Sweden, orúkọ Banting ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn ń ṣọ́ ẹnu kí ó lè rù.

Àwọn dókítà kan bínú. Wọ́n ní ta ni aṣètò ìsìnkú tí ń kọ́ dókítà níṣẹ́? Wọ́n ní kí ó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìwé náà ń dán an wò. Banting kò sì tún sanra bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1878, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún.

4. Ibi tí dókítà etí ti rí ọgbọ́n náà

Níbo ni dókítà etí ti mọ̀ nípa oúnjẹ? Ní Pàríìsì ni. Ní ọdún 1856, ó lọ sí ibẹ̀, ó sì gbọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé ńlá kan, Claude Bernard, lórí àrùn àtọ̀gbẹ.

Ṣáájú Claude Bernard, àwọn ènìyàn rò pé gbogbo ṣúgà tó wà nínú ara, láti inú oúnjẹ ni ó ti wá. Òun ni ó fi hàn pé ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú ń ṣe ṣúgà. Ní ọdún 1857, ó yọ ohun kan jáde láti inú ẹ̀dọ̀. Ohun náà ni ṣúgà tí ara kó pamọ́. A lè fi í wé àká àgbàdo. Bí a bá kórè púpọ̀, a ó kó o sí àká. Bí ebi bá dé, a ó mú nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Lẹ́yìn tí a bá jẹun, ó ń kó ṣúgà pamọ́. Bí a bá sùn láìjẹun, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀.

Dókítà Harvey mọ̀ pé wọ́n ń dín ṣúgà àti ìyẹ̀fun kù fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Ó ronú pé bí èyí bá ran alátọ̀gbẹ lọ́wọ́, ó lè ran ẹni tó sanra lọ́wọ́ pẹ̀lú. Claude Bernard náà kú ní ọdún 1878, ní ọdún kan náà pẹ̀lú Banting.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ìyókù ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ níhìn-ín, nítorí ó kan ọ̀pọ̀ ìdílé wa. Ní ọdún 1921, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, dókítà kan tí orúkọ tirẹ̀ náà ń jẹ́ Banting, Frederick Banting, àti Charles Best tó ń bá a ṣiṣẹ́, rí ohun tí a ń pè ní ínsúlíìnì. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ni ó ń ṣe é. Ínsúlíìnì ni ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí ilẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n gún ọmọ ọdún 14 kan tó ń kú lọ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà yè. Kí èyí tó dé, ohun tí àwọn dókítà lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ju kí wọ́n fi ebi pa á, kí ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i láyé. Oúnjẹ nìkan kò lè gba ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, a óò padà sí i.

5. Iná tí ń jó nínú ara

Ọ̀nà kejì tún wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà. Wọn kò bèèrè irú oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ. Wọ́n bèèrè pé, "Ó tó mélòó?"

Ará Faransé kan, Lavoisier, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1782 sí 1783, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Laplace fi ẹranko kékeré kan tó jọ òkété sínú ohun èlò tí yìnyín yí ká. Ooru ara ẹranko náà ń yọ́ yìnyín. Wọ́n wọn omi tó jáde, wọ́n sì fi wé afẹ́fẹ́ tí ẹranko náà mí. Wọ́n rí i pé èémí wa dà bí iná tó ń jó jẹ́jẹ́, oúnjẹ sì ni igi ìdáná rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Wilbur Atwater kọ́ yàrá kan tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń wọn oúnjẹ tó wọlé àti ooru tó jáde. Kálórì ni orúkọ ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára oúnjẹ. Ó fi hàn pé gíráàmù kan oúnjẹ afúnnilókun ń fúnni ní bíi kálórì 4. Gíráàmù kan amáradàgbà ń fúnni ní bíi 4 pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n gíráàmù kan ọ̀rá ń fúnni ní bíi 9.

Bí igi tí a kó wá bá ju èyí tí iná jó lọ, igi yóò kù nílẹ̀. Igi tó kù nínú ara ni ọ̀rá tí a ń rí ní ikùn àti ìbàdí. Láti ìgbà yìí ni àwọn ènìyàn ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni ọ̀tá. Àwọn kan ní ọ̀rá ni ọ̀tá, nítorí kálórì rẹ̀ pọ̀ jù.

6. Ọkùnrin 36 tí ebi pa

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, ebi ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù. Wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe lè bọ́ wọn padà. Ní ọdún 1944 sí 1945, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé Ancel Keys kó ọkùnrin 36 jọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ̀ láti gbé ìbọn ni wọ́n, wọ́n sì fi ara wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Fún oṣù mẹ́fà, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì. Ọ̀dùnkún òyìnbó, búrẹ́dì àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ jù.

Wọ́n rù títí ìwọ̀n ara wọn fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Òtútù ń mú wọn nígbà tí ara àwọn ẹlòmíràn gbóná. Inú ń bí wọn. Oúnjẹ ni wọ́n ń lá lójú oorun. Nígbà tí wọ́n tún gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n ń jẹ, wọn kò yó, ọ̀rá ara wọn sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, àwọn ọkùnrin yìí ń jẹ ọ̀dùnkún àti búrẹ́dì, síbẹ̀ wọ́n rù. Nítorí náà, ìyẹ̀fun nìkan kọ́ ni ó ń mú ènìyàn sanra. Ó níye tí a jẹ. Èkejì, ara kì í gba ebi láìjà. Bí a bá fi ipá dín oúnjẹ kù jù, ara yóò gba gbèsè rẹ̀ padà pẹ̀lú èlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rù lóṣù méjì, tí wọ́n sì ń sanra padà kí ọdún tó yí po.

7. Ìjà ọ̀rá àti ṣúgà

Lẹ́yìn ogun, àrùn ọkàn ń pa ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà. Ancel Keys ní ọ̀rá ẹran àti bọ́tà ló fà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ John Yudkin ní rárá, ṣúgà ni. Ní ọdún 1972, ó kọ ìwé láti fi kìlọ̀ nípa ṣúgà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Ní ọdún 1972 kan náà, dókítà Robert Atkins ní Amẹ́ríkà kọ ìwé tirẹ̀. Ó ní kí ènìyàn jẹ ẹran àti ọ̀rá, kí ó sì yẹra fún ìyẹ̀fun àti ṣúgà. Ó jọ ohun tí Banting ti sọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ti Atkins le ju tirẹ̀ lọ. Ìwé náà tà gan-an.

Síbẹ̀, láti ọdún 1977, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ń gba àwọn ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n dín ọ̀rá kù. Wọ́n ní kí wọ́n dín ṣúgà kù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ọ̀rá ni etí gbọ́ jù. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ yọ ọ̀rá kúrò nínú ọ̀pọ̀ nǹkan. Kí ó má baà tẹ́ lẹ́nu, wọ́n fi ṣúgà kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1980, nínú 100 àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, bíi 15 ni ó sanra dé ibi tí dókítà ń pè ní àìsàn. Nígbà tí ó fi di ọdún 2018, wọ́n ti ju 40 lọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fà á: oúnjẹ pọ̀, ó rọrùn láti rà, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe dín kù, ọkọ̀ sì gba ipò ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí wọ́n sá fún kò gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí rí ìwé àtijọ́ kan. Ìwé náà fi hàn pé ní ọdún 1965, ẹgbẹ́ àwọn oníṣúgà ní Amẹ́ríkà san nǹkan bí dọ́là 6,500 fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard. Ní ọdún 1967, àwọn ọ̀mọ̀wé náà kọ ìwé tó di ẹ̀bi àrùn ọkàn ru ọ̀rá, tó sì mú ojú kúrò lára ṣúgà. Wọn kò sọ ẹni tó sanwó. Bí ẹnìkan bá ń yin ọjà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ọjà náà.

8. Ìdánwò òde òní

Ní ọdún 2018, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà sọ àbájáde ìdánwò kan tí wọ́n ṣe fún ọdún kan. Ènìyàn 609 ló kópa. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan dín ọ̀rá kù. Àwọn yòókù dín oúnjẹ afúnnilókun kù. Wọ́n sọ fún ìhà méjèèjì pé kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀, kí wọ́n yẹra fún ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun, kí wọ́n sì máa se oúnjẹ nílé.

Nígbà tí ọdún parí, àwọn tó dín ọ̀rá kù ti fi kílò 5.3 sílẹ̀. Àwọn tó dín oúnjẹ afúnnilókun kù ti fi kílò 6 sílẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè sọ pé ọ̀kan borí. Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ìhà kọ̀ọ̀kan, a rí ẹni tó rù gan-an, a sì rí ẹni tó sanra sí i. Ọ̀nà tí ènìyàn lè máa rìn láìdáwọ́ dúró ni ó dára fún un.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú iyán, ọkà àti búrẹ́dì lójijì lè fi kílò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Yóò yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àká Claude Bernard. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ máa ń fa omi mọ́ra: gíráàmù kan ṣúgà, bíi gíráàmù mẹ́ta omi. Bí àká bá ṣófo, omi náà á jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Omi ni ó kọ́kọ́ lọ, ọ̀rá kò tíì kúrò púpọ̀. Bí ènìyàn bá tún jẹ iyán, omi náà á padà. Àwọn tí ń ta oògùn ìrù mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú ewé tíì wọn, ìgbẹ́ ni ó ń mú ènìyàn yà. Omi àti ìgbẹ́ ló ń jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà.

Ní ọdún 2019, ọ̀mọ̀wé Kevin Hall ṣe ìdánwò mìíràn. Ó fi ènìyàn 20 sí ibì kan náà fún oṣù kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe, tó wà nínú ọ̀rá àti agolo, ni wọ́n ń gbé fún wọn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, oúnjẹ tí a sè láti inú nǹkan oko ni. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ títí wọn yóò fi yó. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n fi bíi kálórì 500 jẹ ju tèkejì lọ lójúmọ́, wọ́n sì sanra sí i. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ oko, wọ́n rù díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ebi pa wọ́n.

9. Ó kàn wá

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìtàn òyìnbó nìyí. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, nínú ènìyàn 8 láyé, ọ̀kan ní àìsàn ìsanra. Kì í ṣe ilẹ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ni.

Oúnjẹ tiwa náà ní ìtàn. Iṣu, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ti wà lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa tipẹ́tipẹ́. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti Amẹ́ríkà wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í dé etíkun wa. Yàtọ̀ sí ẹ̀wà, gbogbo wọn jẹ́ oúnjẹ afúnnilókun. Àwọn baba wa jẹ iyán, wọ́n jẹ ọkà, wọ́n jẹ èkọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì sanra. Kí ló dé? Oko jìn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń kọ ebè. Ẹ̀fọ́, ilá àti ẹ̀wà kún oúnjẹ wọn. Wọn kò sì mọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Lónìí, alùpùpù sémíjàn ń gbé wa láti ilé dé ọjà. A ń jókòó ní ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Òkèlè wa kò dín kù, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ló dín kù. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó gba sẹ̀ńtílítà 33 lè ní ṣúgà tó bíi gíráàmù 35. Ìyẹn tó hóró ṣúgà mẹ́fà tàbí méje. Kò sí ẹni tí yóò fi hóró méje sínú ife tíì kan, ṣùgbọ́n a ń mu ún nínú ìgò láìmọ̀.

10. Ohun tí a rí kọ́

Kí ni kí á wá ṣe?

Ẹ má sọ iyán di ọ̀tá. Ẹ dín òkèlè kù díẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún un. Ẹ fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí epo bá ń léfòó lórí ọbẹ̀, ẹ dín in kù, ẹ má yọ gbogbo rẹ̀. Ẹ máa rìn. Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, nítorí àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ jáwọ́ nínú òkèlè lójijì láìsọ fún dókítà. Oògùn náà ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí oúnjẹ náà bá tún dín kù lójijì, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù, ẹni náà sì lè dákú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan ní ewé tàbí oúnjẹ nìkan tó. A ti kà á lókè pé oúnjẹ nìkan kò lè gba àwọn ọmọ ayé ìgbà náà là. Aláboyún, abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara wọn kí wọ́n lè rù. Ẹni tó bá sì ń rù láìmọ ìdí rẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó ń tọ̀ léraléra, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Banting kò ní ìwé ẹ̀rí dókítà. Ohun tó ní ni pé ó mọ ìwé kọ, ó wọn ara rẹ̀, ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kò sì pa irọ́ mọ́ ọn. Àwa náà ti ń mọ ìwé kà báyìí. Bí wọ́n bá gbé oògùn ìrù wá sí ìsọ̀ yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan sára rẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn, kí ẹ sì fi owó yín ra ẹ̀fọ́.